Jẹnẹrétọ̀ Tí Àlàájì Ń Lò Fúnra Rẹ̀

Bí òórùn bẹntiróòlù bá dà pọ̀ mọ́ òórùn rílásà tí wọ́n fi ń na irun níbikíbi tí mo bá wà lónìí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Òórùn méjèèjì yẹn ló ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bẹntiróòlù máa ń wá láti ẹ̀yìn, níbi tí bàbá mi ti ń rọ epo sínú jẹnẹrétọ̀, rílásà á sì wá láti iwájú, níbi tí ìyá mi ti ń ṣí ike rẹ̀ fún oníbàárà àkọ́kọ́. Láàárín àwọn méjèèjì ni ibùsùn mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Inú bọ́ọ̀sì là ń gbé. Tí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan sọ pé òun gbádùn ìgbà èwe òun ju tèmi lọ, ẹ bi í léèrè bóyá ilé tiwọn ní táyà.

Ìkọ̀lé ni a ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ìyá mi sì ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kékeré kan lẹ́bàá títì. Nígbà tí yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ Ìkọ̀lé àti Ọyẹ́ láti gbogbo igun Nàìjíríà, ṣọ́ọ̀bù ìyá mi kún débi pé àwọn mìíràn ń dúró síta. Ṣùgbọ́n bí àwọn olùkọ́ wọn bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ìlú á pa lọ́lọ́, ìyá mi á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa lé eṣinṣin. Ọdún tí onílé gba ṣọ́ọ̀bù náà fún ọmọ rẹ̀ ni ìyá mi sọ fún bàbá mi pé, "Bí oníbàárà bá ń rìn, kí onídìrí náà máa rìn." Bàbá mi kọ́kọ́ rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀.

Ilé ìwé aládàáni kan ní bọ́ọ̀sì tó ti kú sábẹ́ igi máńgòrò, tí àwọn ewúrẹ́ ti sọ di yàrá. A rà á, a lé ewúrẹ́ jáde, mẹkáníìkì jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bàbá mi sì tú àga inú rẹ̀ dànù. Ó kan dígí mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣe àga mẹ́ta fún àwọn oníbàárà, ó so dírayà méjì rọ̀ sórí méjì nínú wọn. Ní ẹ̀yìn, ó ṣe ibùsùn méjì tó ń ká mọ́ra láàárọ̀. Ètò wa ni pé a ó máa tẹ̀ lé ọjà ọrọọrún láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́, láti Ọyẹ́ dé Ìdó, bí ìwé bá sì ti wọlé, a ó dúró sí Ìkọ̀lé kí n lè lọ sí ilé ìwé. Ìyá àgbà mi tó wà l'Órin wá wò ó, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún táyà wò. Ó ní, "Ulé tó lè sá lọ lójú ẹni, ṣé ulé nìyẹn?"

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Iná ìjọba kì í sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì, dírayà kò sì lè fi àdúrà ṣiṣẹ́. Ìyá mi ti mú ọjọ́ tí òun máa ṣí ọjà: ọjọ́ tó ṣáájú mátíríkù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun l'Ọ́yẹ́, tí gbogbo ọmọbìnrin tó bá lórí máa fẹ́ ṣe irun. Ó sọ ọ́ létí mi pé gbogbo ohun tí òun ní ti wọ inú bọ́ọ̀sì náà. Bí iná bá já wa kulẹ̀ níwájú àwọn ọmọ tí ìròyìn wọn ń fò lórí fóònù, oníbàárà kan ò ní padà wá mọ́, a ó sì ta bọ́ọ̀sì. Èmi ò mọ̀ nípa òwò. Ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi ni mo ń rò.

Báyìí ni a ṣe lọ ra jẹnẹrétọ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́. Ìyá mi ru dírayà kan, bàbá mi gbé ìkejì, èmi sì gbé wáyà gígùn kọ́rùn. Àwọn ọlọ́kadà ń bi wá bóyá à ń kó lọ sí ilé tuntun ni. Ìyá mi so gèlè dúdú kan mọ́rí pinpin, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣọ́ọ̀bù Àlàájì tó ń ta jẹnẹrétọ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn ọ̀rọ̀. Bàbá mi, ẹni tí kì í fi ojú wọn pátákó, ti kọ ẹrù wa sára èérún igi kan pẹ̀lú pẹ́ńsùlù: dírayà méjì, fáànù kan, gílóòbù mẹ́ta, rédíò. Ó sọ fún mi pé dírayà kan ṣoṣo ń jẹ iná tó gílóòbù ńlá mẹ́wàá. Nítorí náà, àwọn kékeré tí gbogbo àdúgbò ń pè ní áì-bẹ́tà-páàsì kò lè gbé e, wọ́n á kàn máa sunkún títí wọ́n á fi jóná. Àwọn ńlá tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tan lágbára tó, ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé ọ̀kan, epo tí wọ́n sì ń mu á mu èrè wa tán. Àwọn tó wà láàárín ló yẹ wá.

Àlàájì tú ọ̀kan jáde nínú páálí. Pupa ni, ó ń dán, ó ní táyà kéékèèké méjì lẹ́sẹ̀. Bàbá mi rí i, ojú rẹ̀ sì yí padà bíi ti ẹni tó rí àfẹ́sọ́nà. A so dírayà mọ́ ọn, ó tan, kò sì pariwo. Bàbá mi ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó ń sọ pé, "Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe rọra ń sọ̀rọ̀." Ojú ìyá mi wà lókè, lára fáànù tó ń yí nínú ṣọ́ọ̀bù Àlàájì. Iná ìjọba ti lọ láti òru.

"Àlàájì," ó ní, "èwo lẹ ń lò fúnra yín?"

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tó fi béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ni ìyá mi. Bàbá rẹ̀ l'Órin kì í ra èèbù lára èyí tí wọ́n kó jọ fún títà. Á tẹ̀ lé olóko dé abà rẹ̀, á ní kó fi èyí tó fẹ́ gbìn han òun, inú ìyẹn ló sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó ti tà fún òun. Ìyá mi máa ń sọ ọ́ fún mi bó bá rán mi lọ ra nǹkan: "Ẹni tó ń tajà mọ èyí tó fi pamọ́ fún ara rẹ̀." Epo pupa tí aláta fi ń se ọbẹ̀ tirẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ rà. Ojú ti tì mí lọ́jà nítorí rẹ̀ ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Àlàájì rẹ́rìn-ín, ó mú wa lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó wà níbẹ̀ ti dúdú, eruku ti bo orúkọ ara rẹ̀, wáyà ni wọ́n fi so sailẹ́ńsà rẹ̀ mọ́ra. Ìdérí tánkì rẹ̀ fì sápá kan bíi fìlà bàbá àgbà tó sùn lọ nínú ìpàdé. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, kò sì wúkọ́.

"Ìyá Bọ́lá, ti ulé mi lẹ fẹ́ gbà? Ògbólógbòó mà ni."

"Ìgbà wo ló ti wà lọ́wọ́ yín?"

"Ọmọ mi kẹta ò tí ì máa rìn nígbà tí mo gbé e dé. Ó ti ń lọ ilé kéwú báyìí."

"Èyí tó ti bá yín tọ́ ọmọ," ìyá mi ní, "á bá mi tọ́ tèmi."

Bàbá mi mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Mo gbọ́ "tuntun" lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi gbọ́ tirẹ̀ tán, ó padà wá, ó sì tú gèlè orí rẹ̀. Róólà ni ó kún orí rẹ̀, irun rẹ̀ sì tutù rinrin. Ó ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kí a tó jáde. Ó fa àga kan jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Àlàájì, ó ti orí bọ dírayà, ó ní òun ò ní dìde níbẹ̀ àfi tí irun òun bá gbẹ. Ó ní kí a so ìkejì náà, kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, kí ẹrù lè pé.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì tí ì rí i mọ́. Àwọn tó ń kọjá ń yà wá wò. Obìnrin kan béèrè iye tí wọ́n ń ṣe irun níbẹ̀. Àlàájì ń tajà fún àwọn mìíràn, ó ń fi ọwọ́ júwe ìyá mi fún wọn pé, "Ẹ wò ó, ó ń dán ọjà wò." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Ẹ̀rọ dúdú náà ò sinmi, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà. Nígbà tí ìyá mi tú róólà, irun rẹ̀ dà sí èjìká bí ó ṣe yẹ, ó sì bọ Àlàájì lọ́wọ́. Àlàájì ní kí ìyàwó òun má gbọ́ o, ó sì gbé pupa tó ń dán yẹn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti fi dípò. Bàbá mi wò ó títí tó fi wọlé.

Wélídà ṣe àgò irin sí ìdí bọ́ọ̀sì, níta, ibẹ̀ la sì ti jẹnẹrétọ̀ náà mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn láyé ìgbà yẹn ló máa ń gbé tiwọn wọlé nítorí olè. Ìyá mi ní bí olè bá gbé e, a ó ra òmíràn, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé tọ ẹni tó sùn. Ó tún ṣòfin kan, ó sì ń wò mí lójú bó ṣe ń ṣe é. Yàtọ̀ sí bàbá mi, ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni yóò fi sùn l'Órin. Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni ọmọ tó ń gbé inú bọ́ọ̀sì náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú mátíríkù, a ti wà l'Ọ́yẹ́ kí oòrùn tó yọ. Mo jí, inú mi ń dùn, mo sì ń wá iṣẹ́ ṣe. Mo nu dígí, mo nu àtẹ̀gùn. Mo dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, mo rí jẹnẹrétọ̀ tí bàbá mi ti rọ epo sí, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo wò ó pé àwọn ọmọ yunifásítì á rí ohun ìdọ̀tí yìí nílé wa. Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ inú àgò nìyẹn, mo nù ún títí orúkọ ara rẹ̀ fi yọ. Ìdérí tánkì tó fì sápá kan ló wá bí mi nínú jù. Nílé tiwa, ìkòkò kan kì í sùn kí ìdérí rẹ̀ wọ́, ìyá mi á jí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ dìde láti wá tún un ṣe. Mo fi àkísà di ìdérí náà mú, mo sì fi gbogbo agbára ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yí i, ó sì dé pinpin. Mo wò ó, ó wù mí.

Kó tó di aago mẹ́jọ, bọ́ọ̀sì ti kún. Àwọn ọmọbìnrin ń sọ oríṣiríṣi èdè, ìyá mi sì ń lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń jó. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán di irun fún àwọn tó fẹ́ olówùú. Lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán ló tó kan àwọn tó ṣe rílásà, tó fi róólà sí wọn lórí, tó sì ní kí bàbá mi tan iná. Ó tan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, rédíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Àwọn méjì wà lábẹ́ dírayà, mẹ́rin mìíràn ń retí pẹ̀lú orí tútù.

Bóyá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló fi ṣiṣẹ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Bàbá mi mì ín, epo dún nínú rẹ̀. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà, ó fa okùn. Ó tan. Kò pẹ́, ó tún kú. Ó fà á títí òógùn fi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ìyá mi pe Àlàájì lórí fóònù, fóònù ò lọ, nítorí àkókò ìrun Jímọ̀ ni. Ọmọbìnrin kan tó wá láti Bẹ́núé fọwọ́ kan róólà orí rẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé iná ò ní wá mọ́ ni? Tí irun yìí bá gbẹ báyìí, á rí bíi koríko." Ẹnì kan ti ń wá ìborùn rẹ̀.

Bàbá mi ò mẹ́nu kan ẹ̀rọ pupa. Mo mọ̀ pé ó wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e mì, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn títí dòní. Ìyá mi lọ jókòó sórí àga dírẹ́bà, ibi tí kì í jókòó sí. Ó rọra sọ pé, "Bàbá Bọ́lá, bí àwọn ọmọ yìí bá bọ́ sílẹ̀ báyìí, uṣẹ́ yìí ti tán nìyẹn. Ká wá ẹni tó máa ra bọ́ọ̀sì." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìtọ́kọ̀ mú.

Èmi dúró ti ibùsùn mi. Mo ti ń ronú ohun tó yí padà láti àná, ohun kan ṣoṣo ni mo sì rí. Mi ò mọ iṣẹ́ tí ìdérí ń ṣe. Mo kàn mọ̀ pé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Àlàájì, ó wọ́, nílé wa náà, ó wọ́, láàárọ̀ yìí ló tọ́, èmi ni mo sì tọ́ ọ. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti pàdánù ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ kan, lójú gbogbo àwọn àlejò wọ̀nyí. Bí mi ò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ẹ̀rù bà mí. Mo rí ọwọ́ ìyá mi lórí ìtọ́kọ̀.

"Màámi, èmi ni mo dé e pa. Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀. Ìdérí yẹn, mo yí i gan-an."

Bàbá mi wò mí, ó wo ẹ̀yìn, ó sáré bọ́ sílẹ̀. A gbọ́ bó ṣe ń yí ìdérí náà. Afẹ́fẹ́ dún ṣíì, ó pẹ́ díẹ̀, bíi pé ẹ̀rọ náà ti di èémí rẹ̀ mú láti ìgbà náà. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Dírayà méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, fáànù yí, rédíò sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín orin. Àwọn ọmọbìnrin hó yèè, ọmọ Bẹ́núé náà sì gbé mi sókè.

Nígbà tí Àlàájì jáde ní mọ́ṣáláṣí, òun fúnra rẹ̀ ló pè, ìyá mi sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ohùn rẹ̀ jáde nínú fóònù débi pé gbogbo wa gbọ́. "Háà, ẹ má dé e pinpin o! Eruku ti dí ihò ara ìdérí tó fi ń mí. Ó ti mọ́ mi lára, mo gbàgbé pé ẹ ò mọ̀." Lẹ́yìn náà ló fi ohùn kékeré sọ pé pupa tó gbé sí ìdí ṣọ́ọ̀bù ti ń yọ òun lẹ́nu láti ọjọ́ Tusidé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àwọn oníbàárà bẹ ìyá mi nítorí mi. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn tán, ó sì ní òfin ni òfin, mo máa lọ sí Orin. Ó wá fà mí mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán rílásà, ó ní, "Tó o bá ti padà dé, ìwọ lo ni ìdérí yẹn. Kò sẹ́lòmíràn tó tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án." Mo sun ọjọ́ méje lọ́dọ̀ ìyá àgbà, mo jẹ iyán l'álẹ́ méjèèje, mo sì ń yan kiri àdúgbò bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ọdún mẹ́fà la tún fi gbé inú bọ́ọ̀sì náà kí ìyá mi tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan l'Ádó, níbi tí mo ní tábìlì àti àga tó ń yí. Lóṣù tó kọjá, mo pa fáìlì kan rẹ́ tí kò yẹ kí n pa rẹ́. Gbogbo ọ́fíìsì gbà pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Wọ́n bú u, wọ́n pe ẹni tó ń tún un ṣe, ó tú u palẹ̀, èmi náà sì dúró láàárín wọn, mo ń bá wọn bú kọ̀ǹpútà. Kò sí ibùsùn tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi. Bóyá ọ̀gá mi á kàn wò mí lójú tán ni. Síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo lò kí n tó lè la ẹnu sọ pé èmi ni.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà Ọyẹ́ lónìí, èmi ni màá kúnlẹ̀ kí i.